Ojú Tí Iná Tàn Sí: Lámèyítọ́ Ìwé Àwòrán Marilyn Nance

Ọdún 45 ló wà láàárín ìgbà tí Marilyn Nance gbé kámẹ́rà kọ́rùn wọ ìlú Èkó àti ìgbà tí ìwé tó kó àwọn àwòrán rẹ̀ jọ dé ọwọ́ òǹkàwé. Àjọ̀dún FESTAC, àjọ̀dún iṣẹ́ ọnà àti àṣà àwọn aláwọ̀ dúdú àti Áfíríkà lágbàáyé, bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 15 oṣù Kìíní ọdún 1977, ó sì kásẹ̀ nílẹ̀ ní ọjọ́ 12 oṣù Kejì. Ìwé náà, Last Day in Lagos, jáde ní 2022. Fourthwall Books ti Johannesburg àti CARA ti New York ló jọ tẹ̀ ẹ́. Oluremi C. Onabanjo, ọ̀kan lára àwọn tó ń tọ́jú àkójọ fọ́tò ní Museum of Modern Art ní New York, ló ṣe kòkáárí rẹ̀, Julie Mehretu tó ń fi ọ̀dà yàwòrán ló sì kọ ọ̀rọ̀ ìṣáájú. Wọ́n ti yin ìwé yìí káàkiri, ó sì tọ́ sí ìyìn. Èmi fẹ́ wò ó láti Festac Town, níbi tí àwọn àlejò ọjọ́ náà sùn, kí n sì fi ojú ẹni tó ń ya fọ́tò iná lóru ìparí ọdún wò ó.

Ẹni tí kò gbé àdúgbò yìí lè bi mí pé kí ló kan iná ìparí ọdún nínú ọ̀rọ̀ àjọ̀dún 1977. Ó kàn án. Bí aago méjìlá òru bá ti lù ní ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá, láti First Avenue dé Agboju, láti 23 Road dé Apple Junction, ojú ọ̀run á bẹ̀rẹ̀ sí í là. Nọ́káòtù ni àwọn ọmọ ń pe iná aláriwo tí wọ́n ń yìn sókè náà; báńgà ni èyí tó ń dún gbàmù láìsí àwọ̀ kan lára. Ọdọọdún ni àwọn ọlọ́pàá Èkó ń kìlọ̀ pé òfin ti dè é, ọdọọdún náà ni wọ́n ń tà á ní kọ̀rọ̀. Àwọn tó ń ti ìsìn àìsùn bọ̀ á dúró lójú títì, oníkálukú á na fóònù sókè. Tó bá fi máa di òwúrọ̀, àwòrán á ti kún orí WhatsApp: iná pupa tó tú ká, iná àwọ̀ ewé tó tú ká, òkùnkùn yí gbogbo rẹ̀ po. Kò sí ẹni tó lè wo ọ̀kan nínú wọn kó sọ pé Festac nìyí, Dubai nìyẹn. Àwòrán lọ jàra, kò sí ojú ènìyàn kan nínú wọn. Ohun tí mo wá lọ sínú ìwé Nance nìyẹn: báwo ni èèyàn ṣe ń ya àríyá ńlá tí àríyá náà kò fi ní gbé àwọn tó ń ṣe é mì?

Ọmọ Brooklyn ni Nance, ẹni ọdún 23 ni nígbà tó wá. Ayàwòrán ikọ̀ Amẹ́ríkà ni iṣẹ́ tó gbé e dé. Àwọn òṣèré, olórin, òǹkọ̀wé àti onímọ̀ tó lé ní 15,000 láti orílẹ̀-èdè 55 ló péjọ sí Èkó lóṣù náà; Miriam Makeba wà níbẹ̀, Sun Ra wà níbẹ̀, Audre Lorde náà wà níbẹ̀. Nance ya àwòrán tó lé ní 1,500 láàárín wọn. Iye yẹn ń dún létí, àmọ́ ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Fíìmù ìgbà náà, àwòrán 36 ni ẹyọ kan sábà máa ń gbà. Á jẹ́ pé fíìmù bí i 42 ló ná fún ọjọ́ 29, ìyẹn àwòrán bí i 52 lójúmọ́, nínú ìlú tí ijó, orin, eré orí ìtàgé àti àpérò ti ń lọ nígbà kan náà láti Iganmu, níbi tí National Theatre wà, dé Surulere. Fóònù tó wà lápò ọmọ ilé ẹ̀kọ́ gírámà lè ya iye yẹn kí àlùfáà tó parí àdúrà ọdún tuntun.

Nance kò sì lè wo ohun tó yà lójú ẹsẹ̀. Bí ìmọ́lẹ̀ bá pọ̀ jù, bó bá kéré jù, ó di ìgbà tí wọ́n bá fọ fíìmù kó tó mọ̀. Irú ipò bẹ́ẹ̀ máa ń jẹ́ kí ènìyàn fi ojú ara rẹ̀ wo nǹkan tán kó tó fi ti kámẹ́rà wò ó, ó sì hàn nínú ìwé náà. N kò rí àwòrán púpọ̀ níbẹ̀ tí mo lè sọ pé ńṣe ni ọwọ́ kàn tẹ̀ ẹ́.

Ní ọjọ́ ìṣíde ní pápá ìṣeré Surulere, iná kò wọ́n. Àwọn oníjó Nàìjíríà ru ìkòkò iná wọlé. Ẹni tó bá ti rí elégùn Ṣàngó tó gbé ajere lérí kò nílò àlàyé. Àwọn kan rìn lórí igi tó ga tó ẹsẹ̀ bàtà 14. Abọrẹ̀ Ṣàngó kan tiná bọ àwo àjọ̀dún, ẹyẹlé 1,000 sì fò lọ sókè níwájú Ọ̀gágun Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ tó jẹ́ olórí ìjọba ológun. Irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ ni ohun tó ga jù, tó mọ́lẹ̀ jù, máa ń fa ojú kámẹ́rà lọ sọ́dọ̀ ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n kì í ṣe àwo iná ló gba ipò ọba nínú ìwé yìí. Àwọn tó ń wọlé ló gbà á: àwọn ọmọ ikọ̀ Amẹ́ríkà bí wọ́n ṣe ń rìn wọ pápá, ìdùnnú àti ìyàlẹ́nu ẹni tí wọ́n fi ẹ̀wọ̀n kó àwọn baba ńlá rẹ̀ kúrò nílẹ̀ yìí, tí òun wá ń fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ tẹ̀ ẹ́. Láàárín èrò ni Nance dúró sí. Kò yà wọ́n láti orí pèpéle àwọn lọ́balọ́ba, kò sì fi ojú àjèjì yà wọ́n. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn àwòrán náà jẹ́ dúdú òun funfun, èyí tó túbọ̀ jẹ́ kí ara àti ojú ènìyàn jáde ju aṣọ aláràbarà lọ. Mo máa ń bi ara mi pé bí a bá fọ àwọ̀ kúrò lára àwọn àwòrán nọ́káòtù tiwa, kí ló máa kù?

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ lórí bí a ṣe ń ya iná náà gan-an, torí ibẹ̀ ni agbára ìwé yìí ti yé mi. Àwọn tó mọṣẹ́ á gbé kámẹ́rà díjítà lé orí ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, wọ́n á mú ISO, ìyẹn bí kámẹ́rà ṣe ń tètè gba ìmọ́lẹ̀ tó, wá sílẹ̀ sí 100, wọ́n á fún ojú lẹ́ǹsì pọ̀ dé f/8 tàbí f/11. Wọ́n á fi ọwọ́ ara wọn yí lẹ́ǹsì sí ibi tó jìn, torí bí wọ́n bá fi í sílẹ̀ fún kámẹ́rà, ńṣe ni yóò máa táràrà kiri nínú òkùnkùn. Wọ́n á wá jẹ́ kó la ojú fún ìṣẹ́jú àáyá 2 sí 4. Láàárín àkókò yẹn, iná tó tú ká á máa fi ara rẹ̀ kọ ìlà sórí àwòrán. Fúláàṣì kò wúlò rárá. Kò lè dé ojú ọ̀run, eruku ọyẹ́ tó wà níwájú onífọ́tò nìkan ló máa tàn sí. Àwòrán àkọ́kọ́ ló sì máa ń mọ́ jù, nítorí bí atẹ́gùn kò bá fẹ́, èéfín á bo èyí tó kù.

Àwọ̀ náà ní ìdí tirẹ̀. Strontium ló ń mú pupa wá, barium ló ń mú àwọ̀ ewé, sodium ló ń mú yẹ́lò, bàbà ló ń mú búlúù. Búlúù yìí ló ń yọ àwọn tó ń ṣe iná náà lẹ́nu jù, torí bí iná bá gbóná kọjá ibi tó yẹ, àwọ̀ náà á bàjẹ́. Bí ojú lẹ́ǹsì bá sì là jù, gbogbo wàhálà wọn á di funfun lásán nínú àwòrán. Èyí ló ń ṣẹlẹ̀ sí ọ̀pọ̀ fóònù: òkùnkùn tó pọ̀ ń tàn án jẹ, ó ń rò pé ìmọ́lẹ̀ kò tó, ó ń fi kún un, iná sì ń jóná mọ́ àwòrán.

Ìṣẹ́jú àáyá 4 tó ń sọ iná di ẹwà yìí ló ń pa ènìyàn rẹ́. Ọmọ tó ń fò sókè, bàbá tó gbé ọmọ lé èjìká, ọ̀dọ́bìnrin tó fi ọwọ́ di etí, gbogbo wọn á parẹ́ nínú àwòrán torí pé wọn kò dúró sójú kan. Ayàwòrán ní láti yan ọ̀kan. Bó bá yan ènìyàn, á kọ ẹ̀yìn sí iná, á gbé ISO lọ sókè dé 3200 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, á la ojú lẹ́ǹsì dé f/1.8, á dín àkókò kù sí ìdá kan nínú ọgọ́ta ìṣẹ́jú àáyá kan, á wá dúró de ìgbà tí iná bá bú kí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ lè bọ́ sójú àwọn tó ń wòkè. Kámẹ́rà òde òní ń ṣe èyí láìlàágùn. Fíìmù tí wọ́n ń pè ní ayára ní 1977, ISO 400 ló wọ́pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ó jẹ́ pé irinṣẹ́ tó yẹ kó mú wa súnmọ́ ojú ènìyàn lóru la ní lọ́wọ́, ojú ọ̀run la wá ń fi í wò. Ẹni tí kò ní in ló súnmọ́ ènìyàn jù wá lọ.

Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé kámẹ́rà díjítà kò tíì délé ayé nígbà FESTAC. Steven Sasson ti ṣe àkọ́kọ́ ní ilé iṣẹ́ Kodak ní 1975. Ó wúwo tó nǹkan bí i kílò 3.6, àmì 10,000 péré ló fi ń to àwòrán, ó sì ń gba ìṣẹ́jú àáyá 23 kó tó kọ ẹyọ àwòrán dúdú òun funfun kan sórí kásẹ́ẹ̀tì. Ká ní òun ni Nance gbé wá, oníjó kan ì bá ti jó tán, kó ti gba omi mu, kó tó ya èkejì.

Àríyànjiyàn pé bóyá iná ojú ọ̀run lè di iṣẹ́ ọnà kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ní 1877, ọgọ́rùn-ún ọdún gééré ṣáájú FESTAC, John Ruskin bu ẹnu àtẹ́ lu àwòrán tí James Whistler fi ọ̀dà yà nípa iná tó ń já bọ́ lóru ní ọgbà Cremorne ní London. Whistler pè é lẹ́jọ́, ó sì jàre ní 1878, ṣùgbọ́n ìdá kan nínú mẹ́rin pẹ́nì kan ni owó gbà-máà-bínú tí wọ́n dá fún un, owó ẹjọ́ sì wà lára ohun tó sọ ọ́ di onígbèsè. Àwòrán náà ṣì wà ní Detroit. Ẹni tó bá fara balẹ̀ wò ó á rí òjìji ènìyàn díẹ̀ nísàlẹ̀ tó dúró tó ń wòran. Bí wọ́n bá yọ àwọn yẹn kúrò, màá gbà fún Ruskin díẹ̀.

Nílé níbí, ẹni tó fi hàn kedere pé òun mọ ibi tó yẹ kí kámẹ́rà kọjú sí níwájú iná ni Akintunde Akinleye. Ọjọ́ 26 oṣù Kejìlá 2006 ni ọ̀pá epo bú gbàmù ní Abule Egba tó sì pa ọgọ́rọ̀ọ̀rún ènìyàn. Akinleye ń ṣiṣẹ́ fún Reuters nígbà náà. Nínú àwòrán tó gbé e dé ipò kìíní nínú ìdíje World Press Photo ní 2007, ọkùnrin kan ló ń fi omi bọ́jú, ó ń fọ èérí iná kúrò lójú; èéfín àti ahoro wà lẹ́yìn rẹ̀. Ojú ọkùnrin yẹn lèèyàn ń rántí.

Amuwo-Odofin, ìjọba ìbílẹ̀ tí Festac Town wà, pàápàá ti rí iná tí kì í ṣe ti àríyá. Ní ọjọ́ 15 oṣù Kẹta 2020, ìbúgbàmù kan wó ilé lulẹ̀ lọ rẹpẹtẹ ní Abule Ado, ó sì ba Bethlehem Girls College jẹ́. Ọ̀gá àgbà ilé ẹ̀kọ́ náà, Sister Henrietta Alokha, kú níbi tó ti ń dóòlà àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀. Kí oòrùn tó dé àtàrí ni àwòrán òpó èéfín ti gba orí fóònù gbogbo. Àwòrán kan náà ni, láti orí òrùlé ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ìlú tó ní irú ìrántí yìí kò lè fi ọkàn ọmọdé wo iná tó ń bú lójú ọ̀run, n kò sì dá àwọn àgbà tó ń gbé ọmọ wọlé lẹ́bi nígbà tí nọ́káòtù bá bẹ̀rẹ̀. Ojú tiwọn gan-an ni ì bá wù mí kí ẹnì kan yà.

Mo ti yin Nance tó. Àwọn ibì kan wà tí iṣẹ́ rẹ̀ ti kù díẹ̀ káàtó. Ayàwòrán ikọ̀ ni, ikọ̀ ló ń tẹ̀lé, ìwé náà kò sì lè sá fún un. Àlejò kọ̀ọ̀kan ní ìrísí tirẹ̀ níbẹ̀: ẹni yìí ń rẹ́rìn-ín, ẹni yẹn ń ronú, ó ti rẹ tọ̀hún. Bó bá kan àwọn onílé, ó ṣe mí bí ẹni pé agbo ni wọ́n, òṣèré tàbí èrò ìwòran. Ta ló ń wa àwọn ọkọ̀ tó ń kó wọn láti abúlé àjọ̀dún lọ sí Iganmu? Ta ló ń se oúnjẹ ẹgbẹẹgbẹ̀rún ẹnu? Ìfẹ́ tí ìwé náà ní sí FESTAC tún mú kó nira fún un láti bá FESTAC jà. Bẹ́ẹ̀ ohun tó yẹ kó bá a jà lé lórí kò wọ́n. Owó epo ló ṣe gbogbo rẹ̀. British Museum kọ̀, kò yá Nàìjíríà ní ìbòjú Ìdíà, ìyá ọba Benin, tí wọ́n fi ṣe àmì àjọ̀dún. Ìwé tí Chimurenga àti Afterall gbé jáde ní 2019 lórí FESTAC kan náà ló gba iṣẹ́ àríyànjiyàn ṣe, pẹ̀lú ìwé ìjọba, ìròyìn àti àròyé tó tò lé ara wọn. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ àti ìdí tó fi ṣẹlẹ̀, ibẹ̀ ni kó gbà lọ. Ẹni tó bá fẹ́ mọ bó ṣe rí lára àwọn tó wá, ti Nance ni.

Èyí tó dùn mí jù ni Festac Town fúnra rẹ̀. Ilé tó lé ní 5,000 ni wọ́n kọ́ sí orí ilẹ̀ yìí nítorí àjọ̀dún náà, pẹ̀lú avenue méje tó já sí ara wọn. Nínú ìwé yìí, ẹ̀yìn àwòrán ni ìlú náà wà, ògiri tuntun tí àwọn ènìyàn kọjá níwájú rẹ̀. Lẹ́yìn àjọ̀dún, ìbò ni wọ́n fi pín ilé fún àwọn ará ìlú, àwọn ìdílé kó wọlé, wọ́n bí ọmọ síbẹ̀, wọ́n mọ ògiri àti géètì sí i, wọ́n sọ àwọn gbọ̀ngàn di ṣọ́ọ̀bù. N kò retí kí Nance yà wọ́n. Ó ti padà sílé. Ṣùgbọ́n àwọn náà ya fọ́tò, ọdún lọ́dún, ìkómọ lẹ́yìn ìkómọ, àìsùn lẹ́yìn àìsùn. Èyí tó wà lórí bébà ṣì lè wà nínú áálíbọ́ọ̀mù tí ikán kò tíì bá. Èyí tí wọ́n fi díjítà yà láti bí ogún ọdún sí ìsinsìnyí ti bá fóònù jíjí lọ, ó ti bá káàdì tó bàjẹ́ lọ. Fíìmù Nance fara da ọdún 45 kí ẹnì kan tó sọ ọ́ di ìwé. Àwòrán kúrọ́sófà, òru ìparí ọdún, tí wọ́n yà ní Second Rainbow nítòsí wa lọ́dún márùn-ún sẹ́yìn ti nira láti rí báyìí.

Ohun kan ṣì kù tí mo fẹ́ sọ nípa àkọlé ìwé náà. Ọjọ́ ìkẹyìn ní Èkó, ní ti àjọ̀dún, ni ọjọ́ 12 oṣù Kejì. Fela Aníkúlápó Kuti, tó ti kọ̀ láti bá wọn lọ́wọ́ sí FESTAC, tí àwọn àlejò àjọ̀dún sì ń wá a lọ sí Shrine, ilé ijó rẹ̀, lóru, ń gbé ní òpópónà Agege Motor Road, kò jìnnà sí pápá ìṣeré tí àwọn oníjó ti ru iná wọlé. Ọjọ́ mẹ́fà lẹ́yìn tí FESTAC parí, ní ọjọ́ 18, àwọn ọmọ ogun ya wọ ilé rẹ̀, Kalakuta, wọ́n ju ìyá rẹ̀ láti ojú fèrèsé, wọ́n sì sọ iná sí ilé náà. Ìjọba kan náà ni. Ìwé tó dá dúró níbi tí àjọ̀dún dúró sí kò lè dé ibẹ̀, n kò sì ní kà á sí ẹ̀ṣẹ̀ fún Nance. Àmọ́ àkójọ àwòrán tí yóò fi iná Surulere àti iná Agege Motor Road sí ojú ewé tó kọjú sí ara wọn kò tíì sí, iṣẹ́ sì nìyẹn fún ayàwòrán tàbí olótùú tó bá ń wá ohun tí yóò ṣe.